Ògiri Lanu: Ta Ni Yóò Sọ Ohun Tó Fà Á?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí kì í ṣe ti ìbò, kì í sì í ṣe ti oyè. Ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ni. Ẹni tó bá rò pé ilé kíkọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣèlú, kó jọ̀ọ́ kà á tán ná.

Ní nǹkan bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹjọ́ kan dé iwájú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Tọ̀kpá kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí ẹ̀bá adágún. Ọmọ wa kan tó wá láti Ìpọ́bẹ̀ ló gba iṣẹ́ náà. Kò pé ọdún méjì tí ìyá kó wọlé tí ògiri igun kan fi là láti òkè délẹ̀. Ìyá ní bíríkìlà jí sìmẹ́ńtì òun. Bíríkìlà ní irọ́ ni, ó ní ìyá fúnra rẹ̀ ló ní kí òun dín irin kù. Àwa àgbà lọ wo ògiri náà, a fọwọ́ kàn án, a mi orí, a sì dájọ́ pé kí bíríkìlà dá ìdajì owó iṣẹ́ padà. Kò rí owó san. Wọ́n gba irinṣẹ́ rẹ̀, ó fi ìlú sílẹ̀. Ìyá pe bíríkìlà mìíràn, wọ́n wó ògiri náà, wọ́n tún un mọ. Òjò ọdún kejì rọ̀, ògiri tuntun tún là ní ojú ibi tí ti àkọ́kọ́ ti là.

Ìgbà yẹn ni ẹnìkan tó rántí pe onímọ̀ kan. Ọkùnrin náà kò wo ògiri pẹ́ rárá. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ igun náà. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ tó jìn dé ìbàdí ènìyàn, ọ̀rá, àkísà àti pàǹtí ni wọ́n bá níbẹ̀. Irà ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìdọ̀tí ni wọ́n fi dí i kí wọ́n tó tà á fún ìyá. Owó ìyá ti lọ lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ ọmọ wa ti bàjẹ́. Àwa tí a dájọ́ wá jókòó, à ń wo ara wa lójú.

Àwọn àgbà ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwa gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì o, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ tẹnu ilé. Ilé kò lẹ́nu. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló lè gbẹnu sọ fún un.

Ohun tí òfin wí

Òfin tí Faransé fi sílẹ̀ fún wa, èyí tí wọ́n ń pè ní Code civil, ti sọ̀rọ̀ lórí èyí láti ọdún 1804. Abala 1792 rẹ̀ sọ pé bí ilé tí a gbà kọ́ ní iye kan pàtó bá wó, ì báà jẹ́ gbogbo rẹ̀, ì báà jẹ́ apá kan, nítorí àbùkù iṣẹ́, ayàwòrán-ilé àti agbaṣẹ́ṣe ni yóò dáhùn fún un fún ọdún 10. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: òfin náà fi kún un pé bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ni kò dára, àwọn náà ni yóò dáhùn. Abala 2270 ní lẹ́yìn ọdún 10, ọrùn wọn bọ́. Kí bíríkìlà má sì rò pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Abala 1799 sọ pé bíríkìlà, káfíńtà tàbí oníṣẹ́ irin tó bá bá onílé dúnàádúrà tààrà ní iye kan, agbaṣẹ́ṣe ni òfin kà á sí lórí apá iṣẹ́ tirẹ̀.

Ní Kútọnu wa yìí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Orí iyanrìn la wà, òkun níwájú, adágún Nokoué lẹ́yìn. Bí o bá gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, omi ti yọ. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ló jẹ́ irà tí a fi pàǹtí dí. Nítorí náà, ọmọ wa láti Ìpọ́bẹ̀ kì bá tí lè sọ níwájú adájọ́ pé "ilẹ̀ ni" kó sì máa lọ sílé. Òfin yóò bi í pé: ìwọ tí o mọ iṣẹ́, kí ló dé tí o kò yẹ ilẹ̀ wò kí o tó da ìpìlẹ̀? Àwa kò sọ pé kò ní ẹ̀bi. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹ̀bi tí a dá a kì í ṣe ẹ̀bi tó jẹ. A pè é ní olè. Bí a bá ti mọ̀ pé ilẹ̀ ni, a ó ti pe ẹni tó ta ilẹ̀ náà wá kó wá sọ tẹnu rẹ̀, ìyá kì bá sì ti náwó sórí ògiri nígbà tó jẹ́ pé ìpìlẹ̀ ló ń ṣàìsàn.

Abala 1793 tún wà, èyí tó máa ń dun àwọn oníṣẹ́ wa jù. Ó ní bí o bá ti gba ilé kọ́ ní iye kan lórí àwòrán tí ẹ jọ fọwọ́ sí, o kò lè bèèrè àfikún owó, ì báà ṣe pé sìmẹ́ńtì wọ́n sí i, ì báà ṣe pé onílé yí nǹkan padà, àfi bí onílé bá fọwọ́ sí àyípadà náà nínú ìwé tí ẹ sì jọ mọ iye rẹ̀. Ẹ̀yin bíríkìlà, mélòó nínú yín ló ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀? "Alhaji ló sọ fún mi lórí fóònù." Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í dúró níwájú adájọ́.

Àwọn Faransé fúnra wọn ti tún òfin yìí ṣe ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 1978. Wọ́n sọ ìdójútòfò di dandan, kí owó àtúnṣe lè tètè dé ọwọ́ onílé ná, kí wọ́n tó máa wá ẹni tó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n a ti gba òmìnira láti 1960. Àtúnṣe tiwọn kò bá wa ré òkun kọjá. Ti àtijọ́ ló wà lọ́wọ́ wa.

Iṣẹ́ ẹni tó mọ èdè ilé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré pe huissier. Ó dára, ṣùgbọ́n ohun tí huissier rí ló ń kọ: ògiri là, ó gùn tó báyìí, ó fẹ̀ tó báyìí. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti sọ ìdí tó fi là. Ìdí yẹn, iṣẹ́ expert ni. Òfin nọ́ńbà 2008-07 ti ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2011, tó ń tọ́ ọ̀nà tí ẹjọ́ ń gbà ní Benin, fún adájọ́ láyè láti yan irú onímọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní láti pe onílé àti oníṣẹ́ síbẹ̀, kí ó ṣàyẹ̀wò lójú àwọn méjèèjì, kí ó sì kọ àbọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Adájọ́ kò gbọdọ̀ tẹ̀lé e bí ẹrú, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún adájọ́ láti kọ ẹ̀yìn sí àbọ̀ tó ṣe kedere.

Kí ni onímọ̀ yìí ń wò? Kì í ṣe gbogbo ògiri tó là ló jọra. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun lára rẹ́ńdà lè jẹ́ pé ó tètè gbẹ jù ni. Ìlà tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn láàárín búlọ́ọ̀kù sábà máa ń fi hàn pé ìpìlẹ̀ ń rì. Ìlà tó tẹ̀lé ipa irin, tí ìpáta ń sun jáde níbẹ̀, máa ń sọ pé irin ti ń jẹrà nínú. Irin tó dípẹtà máa ń wú, yóò sì bẹ́ kọnkéré láti inú. Iyanrìn òkun tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀ sì mọ iṣẹ́ yìí ṣe dáadáa. Onímọ̀ lè fi ìpele gípísì kékeré kan dí ojú ibi tó là: bí gípísì náà bá là lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a mọ̀ pé ilé ṣì ń rìn. Ó lè fi òòlù kan gbá ọ̀pó láti mọ bí kọnkéré ṣe le tó. Ó lè gé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fọ́. Ó ní ẹ̀rọ tó ń ka irin láìfọ́ ọ̀pó. Bí bíríkìlà bá jí sìmẹ́ńtì lóòótọ́, ibẹ̀ ni àṣírí yóò ti tú. Bí kò bá jí i, ibẹ̀ náà ni yóò ti yọ.

Ẹ wo Èkó. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, ilé àlejò ṣọ́ọ̀ṣì Synagogue ní Ìkọ̀tún wó. Ènìyàn 116 ló kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ South Africa. Ṣọ́ọ̀ṣì ní bàlúù kan tó fò kọjá ló fà á. Ariwo pọ̀, àwọn kan ń sọ ti bọ́ǹbù. Adájọ́ Oyetade Komolafe tó wádìí ikú wọn kò fi ariwo dájọ́. Ó gbọ́ ẹ̀rí àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ, nígbà tó sì di oṣù keje ọdún 2015, ó ní àbùkù inú ilé náà fúnra rẹ̀ ni. Ọdún méje lẹ́yìn ìwólulẹ̀ yẹn, ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìkòyí tún wó, ó pa ènìyàn tó lé ní 40. Ẹ̀rí àwọn onímọ̀ kì í jí òkú, ṣùgbọ́n láìsí i, ẹnu ẹni tó lágbára jù ni òtítọ́ yóò máa ti jáde.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń kọ́lé

Ọ̀rọ̀ kàn yín o. Expert tí onílé sanwó fún, ti onílé ni. Èyí tí adájọ́ yàn ni ti ẹ̀yin méjèèjì. Bí ó bá wá, ẹ má ṣe sá, ẹ má sì dákẹ́. Ẹ mú ẹnìkan tó mọ iṣẹ́ dání. Ẹ kọ ohun tí ẹ ní í sọ sínú ìwé, kí ẹ fi lé e lọ́wọ́, kí ó lè dáhùn sí i nínú àbọ̀ rẹ̀. Ẹni tó dákẹ́ lọ́jọ́ àyẹ̀wò, tó wá ń pariwo lọ́jọ́ ìdájọ́, ó ti pẹ́ jù.

Ẹ máa tọ́jú ẹ̀rí láti ọjọ́ àkọ́kọ́: àwòrán ilé, devis, rìsíìtì sìmẹ́ńtì. Ẹ fi fóònù ya irin kí ẹ tó da kọnkéré bò ó. Bí onílé bá ní kí ẹ dín irin kù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ kìlọ̀ fún un. Bí kò bá gbọ́, tó sì jẹ́ ohun tó lè pa ènìyàn, ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fa ilé lé onílé lọ́wọ́, ẹ jọ fọwọ́ sí ìwé ìgbà-iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní réception. Ọjọ́ yẹn ni ọdún 10 ti bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí ìwé, ìjà ni yóò jẹ́ lórí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí a ń béèrè

Lọ́wọ́ àwọn ọba àti ìjòyè wa: ẹ jọ̀ọ́, kí a má dájọ́ ilé tó là mọ́ láìjẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ti wò ó. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rẹ́ ojú ògiri tàbí kí wọ́n wó o kí ó tó di pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá fẹ́ wó pa ènìyàn, kí wọ́n kó àwọn ènìyàn jáde, kí wọ́n ya fọ́tò, kí huissier kọ ọ́ sílẹ̀ ná.

Lọ́wọ́ mẹ́rì: òfin ìwé àṣẹ ìkọ́lé wà. Ṣùgbọ́n ìwé kì í gbé ilé dúró. Kí ẹnìkan wá wo ilẹ̀ nígbà tí a bá gbẹ́ ìpìlẹ̀, pàápàá ní àwọn àdúgbò irà.

Lọ́wọ́ ilé-ẹjọ́ àti ìjọba: kí wọ́n lẹ orúkọ àwọn expert àti iye tí wọ́n ń gbà síbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i, kí wọ́n sì là á yé wa ní Yorùbá, ní Fọ̀n àti ní àwọn èdè wa yòókù. Òfin ọlọ́dún 10 tí bíríkìlà kò gbọ́ rí, pàkúté ni. Ẹni tó bá wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ wa, ẹ bi í léèrè ohun tí yóò ṣe lórí èyí.

Lọ́wọ́ ara wa: kí ẹgbẹ́ dá àpò kékeré kan sílẹ̀. A mọ̀ pé owó expert wọ́n, adájọ́ sì máa ń ní kí ẹnìkan kọ́kọ́ san án sílẹ̀. Kí àpò yìí yá ẹni tí kò ní, ì báà jẹ́ onílé, ì báà jẹ́ oníṣẹ́, kó sì san án padà.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹjọ́ abẹ́ igi kò náni ní nǹkan kan, kí ni a tún ń pe olówó ńlá sí? Ẹ bi ìyá alásọ léèrè iye tí ìdájọ́ ọ̀fẹ́ wa ná an. Àwọn mìíràn yóò ní oníṣẹ́ jìbìtì yóò fara pamọ́ sẹ́yìn expert. Rárá o. Oníjìbìtì ni àyẹ̀wò máa ń bà lẹ́rù jù.

A ti ránṣẹ́ sí ọmọ wa ní ibi tó sá lọ, a sì ti bẹ̀ ẹ́ pé a ṣì í dá lẹ́jọ́. Kò tíì dáhùn. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Èyí tó là láàárín àwa àti àwọn oníṣẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká tètè wo ìpìlẹ̀ rẹ̀ kí ó tó wó lé wa lórí. Ilé wa kò ní wó o.