Kámẹ́rà Dúdú Tàbí Funfun? Ìyá Ọmọ, Ẹ Wo Inú Kí Ẹ Tó Sanwó

 

Lẹ́tà tó wà níwájú mi lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Agége ló ti wá. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fíríìdọ̀mù nídìí iṣẹ́ fọ́tò. Kámẹ́rà ìgbàlódé tó fi ń jẹun wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà kan ti ń bèèrè fọ́tò onífíìmù bíi ti àtijọ́. Wọ́n wá rí àlòkù méjì, Asahi Pentax Spotmatic ni àwọn méjèèjì. Ọ̀kan funfun, ó ń dán bí fàdákà. Èkejì dúdú, owó rẹ̀ sì fi ìdajì ju ti funfun lọ. Ọmọ ní dúdú lòun fẹ́, pé òun ni àwọn ọ̀gá ń gbé. Ìyá ní àjọ tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lòun fẹ́ fi rà á, owó ọjà sì wà nínú rẹ̀. Ó ní kí n bá àwọn dá sí i.

Ìyá wa, àwọ̀ kì í ya fọ́tò. Adúmáadán lẹ́wà, apọ́nbéporé náà lẹ́wà, ṣùgbọ́n ìwà la fi ń mọ aya rere. Bẹ́ẹ̀ náà ni kámẹ́rà.

Níbo ni òkìkí dúdú ti wá? Nígbà tí Leica ti ilẹ̀ Jámánì jáde sọ́jà ní 1925, dúdú ni wọ́n kùn ún. Nígbà tó di nǹkan bí 1933, èyí tí wọ́n fi kúróòmù bò bẹ̀rẹ̀ sí jáde. Kúróòmù le ju ọ̀dà lọ, kì í tètè họ, funfun bá gba ọjà. Nígbà tí Nikon F ti Japan dé ní 1959, funfun wà, dúdú wà. Àwọn oníròyìn ló fẹ́ràn dúdú, nítorí kì í kọ mànà nínú oòrùn, kì í sì í tètè fa ojú èèyàn. Dúdú kò pọ̀ tó funfun, owó rẹ̀ bá ga. Òkìkí yẹn àti àìpọ̀ yẹn ni wọ́n ń ní kí ẹ san owó lé lórí. Fọ́tò kan náà ni àwọn méjèèjì ń yà.

Ẹ̀yin akunọkọ̀ àti páńẹ́lì bítà mọ ohun tí mò ń wí. Bọ́ńpà ọkọ̀ àtijọ́ tó ní kúróòmù, ẹ nù ún, ó tún dán. Ọ̀dà dúdú, ibi tí ọwọ́ bá ń kàn lójoojúmọ́ á họ. Ṣùgbọ́n idẹ ló wà lábẹ́ ọ̀dà Spotmatic, nítorí náà àwọ̀ idẹ ló máa yọ, kò ní dógùn-ún. Àwọn kan tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì rò pé gbogbo ohun tó ń dán ni irin o. Canon AE-1 tó jáde ní 1976, ike ni ìderí òkè rẹ̀, wọ́n kàn ṣe é kó dà bí irin ni.

Àwọ̀ níṣẹ́ tirẹ̀ náà, n kò parọ́. Dúdú máa ń gba ooru ju funfun lọ. Bó bá gbé e sílẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán níbi ìkómọ, á gbóná, ooru sì ń ba fíìmù jẹ́. Ó máa ní láti fi aṣọ funfun bò ó. Funfun ẹ̀wẹ̀, bó bá ń yàwòrán níwájú dígí, kámẹ́rà lè hàn nínú dígí náà. Ṣùgbọ́n ti pé kí èèyàn má rí onífọ́tò, jàre, ta ló ń sá pamọ́ lóde àríyá? Ṣebí iwájú onílù gan-an ló máa dúró sí.

Ohun tó yẹ kí ọmọ wò nìyí. Kó ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà, kó yí i sí 1, ìyẹn sẹ́kọ́ńdù kan, kó sì tẹ̀ ẹ́. Aṣọ dúdú inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí, kó dúró díẹ̀, kó tún padé. Bó bá há, owó àtúnṣe ń bọ̀. Kó gbé aṣọ náà kọjú sí iná. Ihò bí ojú abẹ́rẹ́ níbẹ̀ lè di àmì funfun lára fọ́tò. Kó tan tọ́ọ̀ṣì sínú lẹ́ǹsì. Bó bá rí ohun tó ta bí okùn aláǹtakùn, èbu ni. Ẹ mọ bí búrẹ́dì Agége tó pẹ́ nílẹ̀ ṣe ń hu èbu, ọ̀rinrin ló ń fà á níbi méjèèjì. Kó fọwọ́ kan fóòmù etí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, bó bá ti ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ìmọ́lẹ̀ lè máa wọlé ba fíìmù jẹ́. Bátìrì kò tó dá ìjà sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló fi ń díwọ̀n.

Ẹ tún ṣọ́ra fún dúdú àná. Nítorí owó, àwọn kan máa ń kun funfun ní dúdú. Bí ọ̀dà bá kún inú lẹ́tà tí wọ́n gbẹ́ sí i lára, tàbí tí ó dí ojú síkúrù, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ dáadáa.

Ọmọ wa, ìwọ náà gbọ́. J. D. 'Okhai Ojeikere, tó ń ya irun dídì àwọn obìnrin wa láti 1968, Brownie D ti Kodak tí kò ní iná ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950. Títí tó fi kú ní 2014, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ayé fi mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ìyá wa, bí ara àwọn méjèèjì bá le, ẹ ra funfun. Ẹ fi díẹ̀ nínú owó tó kù ra fíìmù, kí ẹ sì tọ́jú owó tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, nítorí kámẹ́rà tí kò ní fíìmù, ọ̀ṣọ́ orí tábìlì ni. Ẹ dá ìyókù padà sídìí èlùbọ́. Bí ó bá jẹ́ dúdú nìkan ni ara rẹ̀ le, ẹ ná an dáadáa, ẹ má sì fọwọ́ kan owó ọjà. Bí owó kò bá tó, ẹ dúró de òmíràn. Kí ẹ sì san díẹ̀ ná, kó ya fíìmù kan, kẹ́ ẹ rí fọ́tò kí ẹ tó san ìyókù.

Bó bá di ti ilé, kó má há a mọ́ àpò aláwọ nígbà òjò. Àpò kékeré oníhóró tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, kó fi tì í, ó ń fa ọ̀rinrin.

Ẹ̀yin náà tí ọ̀rọ̀ bá ń dà láàmú, ẹ kọ̀wé sí wa. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.