Ilé Tí Wọ́n Fi Yìnyín Kọ́

Àwọn ọmọ ló fa ọ̀rọ̀ tọ̀tẹ̀ yìí. Wọ́n rí àwòrán ilé funfun kan nínú ìwé wọn, rìbìtì bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n ní: "Ṣé ilé gbogbo àwọn Inuit nìyí? Òtútù ò wá ní pa wọ́n níbẹ̀?"

Kì í ṣe gbogbo wọn o. Lédè wọn, iglu ò ju "ilé" lọ. Ilé pákó náà, iglu ni. Láyé àtijọ́, àwọn tó ń fi yìnyín kọ́lé gbé nígbà òtútù jù ni àwọn ti àárín àríwá Kánádà, níbi tí igi ò ti hù, àti àwọn ti agbègbè Qaanaaq ní Greenland. Ní Alaska, ilé onígi tí wọ́n fi erùpẹ̀ bò ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé nígbà náà. Bí yìnyín bá sì yọ́, àgọ́ awọ ló kàn.

Gbogbo yìnyín kọ́ ló ṣeé kọ́lé. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀gbọ̀n òwú, fífọ́ ni yóò fọ́. Èyí tí atẹ́gùn ti fẹ́ títí tó fi ki ni wọ́n ń wá. Wọ́n á fi ọ̀bẹ gígùn gé e bíi búlọ́ọ̀kù, wọ́n á tò ó yípo, á máa gòkè bí ìlà ìkarahun ìgbín títí òrùlé á fi pàdé.

Afẹ́fẹ́ tó há sínú yìnyín náà ni kì í jẹ́ kí ooru tètè jáde. Ẹnu ọ̀nà á rẹlẹ̀ ju ibùsùn lọ, torí òtútù a máa wálẹ̀, ooru a máa gòkè. Láyé àtijọ́, àwọn ìyá ló ń tọ́jú fìtílà olókùúta tó ń jẹ ọ̀rá seal, ẹran òkun wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ lu ihò sókè. Bí ihò yẹn bá dí, ilé lè pa onílé.

Láàrin 1950 sí 1970, ọ̀pọ̀ ìdílé Inuit ní Kánádà ti kó wọ ilé pákó ní àwọn abúlé tí ìjọba ṣètò. Síbẹ̀, ọdẹ tí ìjì bá ká mọ́ ojú yìnyín, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kú, iglu lè gbà á là, bó bá mọ̀ ọ́n kọ́. Àgbà tó fi ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́ nígbà tí ewu ò tíì dé, òun ló gbà á là.

Ẹ ka èyí fún àwọn ọmọ o. Kí ẹ sì bi wọ́n léèrè: kí ni àgbà ilé yín mọ̀ tí ọwọ́ yín ò tíì mọ̀?