Ẹ Má Túmọ̀ Orin, Ẹ Kọ Ìtumọ̀ Sábẹ́ Rẹ̀

Àwọn kan gbà pé ọ́pẹ́rà tí a bá wò ní sinimá kì í ṣe ọ́pẹ́rà mọ́. Èmi kò bá wọn lọ síbẹ̀. Ní 27 Oṣù Kìíní, 2024, mo wo Carmen ní sinimá kan ní Lọ́ńdọ́nù, bí wọ́n ṣe ń ṣeré náà lọ́wọ́ ní Metropolitan Opera ní New York. Ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wọn, alẹ́ ni lọ́dọ̀ wa. Láti 2006 ni wọ́n ti ń fi eré wọn ránṣẹ́ sí sinimá báyìí.

Lóòótọ́, sinimá ní àléébù tirẹ̀. Ibi tí kámẹ́rà bá kọjú sí nìkan lo lè wò. Nínú gbọ̀ngàn, ohùn akọrin gan-an ni wọ́n ń gbọ́, láìsí maikirofóònù. Ẹ̀rọ ló ń gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ojú Aigul Akhmetshina, tó ṣe Carmen, hàn sí wa ju bí yóò ṣe hàn sí ẹni tó jókòó lókè téńté nínú gbọ̀ngàn tó gba nǹkan bí 3,800 ènìyàn.

Èdè ló gbà mí lọ́kàn jù. Ọmọ Rọ́ṣíà ni Akhmetshina. Ọmọ Póláǹdì ni Piotr Beczała, tó ṣe Don José. Carrie Cracknell, olùdarí eré, gbé ìtàn náà kúrò ní Seville lọ sí Amẹ́ríkà òde òní, pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù àti ṣòkòtò jíìnsì. Ó yí aṣọ padà, ó yí ìlú padà, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan èdè. Faransé tí Georges Bizet fi orin sí, tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ní Paris ní 1875, náà ni wọ́n kọ. Gẹ̀ẹ́sì wà nísàlẹ̀ àwòrán fún àwa tí a kò gbọ́ Faransé.

Ẹ̀yin àbúrò mi ní ẹ̀ka wa, ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyí. Lásìkò tiwa, bí a bá fẹ́ ṣe eré ọdọọdún, ẹnìkan kò ní ṣàì sọ pé ká ṣe é ní Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn àlejò lè gbọ́. Àlejò ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá ni orin Yorùbá ń tẹ̀ lé. Bí a bá túmọ̀ oríkì Ṣàngó sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ni dùndún yóò máa sọ?

Dúró Ládiípọ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1964, ó gbé Ọba Kò So lọ sí Berlin, Yorùbá ló sì fi ṣe é níwájú àwọn ará Jámánì.

Ohun tí a nílò kò pọ̀: pírójẹ́tọ̀ kan, kọ̀ǹpútà kan, ògiri funfun lókè ìtàgé, àti akẹ́kọ̀ọ́ kan tó mọ eré náà dáadáa, tí yóò máa tẹ ìtumọ̀ jáde ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ìtumọ̀ náà le, nítorí ó gbọ́dọ̀ kúrú kí ojú lè padà sí ìtàgé kíákíá. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe àwa tí a kọ́ èdè yìí ní yunifásítì ni yóò ṣe é, ta ni? Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde bíi tèmi, ẹ jẹ́ ká dá owó pírójẹ́tọ̀ náà kí eré ọdún tó ń bọ̀ tó dé.