Ọmọ Kẹ́kọ̀ọ́ Nípa Ògì Tán, Kí Ló Kọ Sílẹ̀?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ tí wọ́n ń kọ́ nílé ń kẹ́kọ̀ọ́ lóòótọ́, ẹ má wo àwòrán tí ìyá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri pálọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí bàbá rẹ̀ máa ròyìn fún yín. Ẹ ní kí ọmọ gbé ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ wá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń yẹ̀ ẹ́.

Àwọn tó ń kọ́ ọmọ nílé kì í ṣe díẹ̀ mọ́. Nígbà tí àjọ tó ń ka ènìyàn ní Amẹ́ríkà ṣèwádìí lọ́dún 2020, lẹ́yìn tí kòrónà ti ti iléèwé pa, ìdá 5.4 nínú ọgọ́rùn-ún ìdílé tó lọ́mọ iléèwé ló ń kọ́ ọmọ nílé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹwàá, ó ti di 11.1. Ti àwọn ìdílé aláwọ̀ dúdú ló fò sókè jù, láti 3.3 sí 16.1. Mo mọ Yorùbá tó wà lára wọn. Mo sì mọ àwọn tó ń ṣe é ní Ìbàdàn àti Èkó, àwọn kan nítorí owó iléèwé, àwọn mìíràn nítorí pé sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ń gba gbogbo àárọ̀ mọ́ ọmọ ọdún méje lọ́wọ́.

Ọ̀nà tí púpọ̀ nínú wọn ń gbà ni kí wọ́n mú ohun kan ṣoṣo, kí wọ́n wà nídìí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìtàn àti ìwé kíkà máa tinú rẹ̀ jáde. Kì í ṣe nǹkan tuntun: ọdún 1918 ni William Heard Kilpatrick, olùkọ́ àgbà ní Columbia ní New York, ti kọ̀wé gbe irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Ó rọ ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta lọ́rùn, torí ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti àbíkẹ́yìn lè jókòó sídìí ohun kan náà, kí oníkálukú mú ìwọ̀n tirẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú díẹ̀ ni ti àwọn tó ń fi dọ́là ra ètò ẹ̀kọ́ láti òkè òkun, tí ọmọ Agége wá ń fi odidi oṣù kan kọ́ nípa yìnyín àti oko ápù. Kò burú kí ọmọ mọ yìnyín. Ṣùgbọ́n kò lè fọwọ́ kàn án, kò sí ẹni tó lè bi ní ìbéèrè nípa rẹ̀ ládùúgbò, kò sì ní ní ohun tó máa kọ ju èyí tí ìwé ti kọ fún un lọ.

Ẹ wo ògì. Kóńgò àgbàdo kan ti tó. Ọmọ á ṣà á, á rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, á gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́rọ, á fi aṣọ sẹ́ ẹ, á sì dúró kí ó tòrò kí omidùn tó dá wà lókè. Kó wọn ògì, kó wọn èèrí, kó ṣírò iye tó ná mọ́ owó ẹ̀rọ, kó wá sọ fún wa bóyá èyí tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá wọ́n jù ú lọ. Kí ló mú un kan? Àwọn kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí ló ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀, tí wọ́n ń sọ ọ́ di kíkan. Bí ó bá gbé abọ́ kan sínú fíríìjì, tó fi èkejì síta, yóò fi ahọ́n ara rẹ̀ mọ ìyàtọ̀. Ìtàn náà ń bẹ níbẹ̀. Ìhà Mẹ́síkò ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ àgbàdo di ohun ọ̀gbìn, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ọdún sẹ́yìn, kò sì sọdá òkun wá sọ́dọ̀ wa àfi lẹ́yìn ìrìn àjò Columbus ní 1492. Kí wá ni àwọn baba ńlá wa ń mu kó tó dé? Ẹni tó bá mọ ògì bàbà á mọ ibi tí ọmọ yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Títí dé ibí, gbogbo ilé ló ń gbádùn ara wọn. Wàhálà dé nígbà tí òbí bá sọ pé, "Ó yá, lọ kọ àròkọ lórí ògì," tó sì yíjú sí fóònù rẹ̀. Ọmọ á kọ ìlà mẹ́ta, á sì lọ ṣeré. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni ọmọ tó ti sọ̀rọ̀ ògì láti àárọ̀ ń wá. Òbí ni kò tíì kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Charlotte Mason, olùkọ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kú ní 1923, ní kí ọmọ kékeré kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbọ́ padà fún ọdún mélòó kan, kí a tó ní kó máa kọ ọ́. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń bọ̀ tí ọmọ máa mú bírò, ọjọ́ náà sì ni òbí gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Ká ní ó kọ pé, "Mo rẹ àgbàdo. Lẹ́yìn náà mo fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà mo lọ̀ ọ́." Ẹ má fi bírò pupa kùn ún. Ẹ bi í pé, "Báwo lo ṣe mọ̀ pé ó ti tó í lọ̀?" Bí ó bá dáhùn pé òun fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó sì wọlé, ẹ ní kó kọ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an síbẹ̀. Ní ìgbà kejì, ẹ jọ wá "lẹ́yìn náà" tó pọ̀ jù, kó yọ èyí tí kò wúlò. Àṣìṣe kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa bójú tó lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ tí a tún gbogbo rẹ̀ ṣe fún kò rí ìkankan kọ́.

Ògì kan náà yìí ṣì lè di lẹ́tà gbẹ̀fẹ̀ sí ìyá àgbà ní Ìsẹ́yìn, kó di lẹ́tà àìgbàgbẹ̀fẹ̀ sí alága ìjọba ìbílẹ̀ nípa èéfín ẹ̀rọ, kó di àròkọ alárìíyànjiyàn lórí ògì ilé àti ògì ọ̀rá. Ọmọ kò ní máa wá ọ̀rọ̀ kiri, nítorí náà yóò ráyè ro bí òun ṣe máa tò ó.

Ó níbi tí ohun kan ṣoṣo bí ògì ò lè dé o. Ẹ má fi ipá wá ìdá inú ògì fún ọmọ tí kò tíì mọ ìṣirò onílọ̀ọ́po. Ẹ kọ́ ọ ní ìṣirò yẹn lọ́tọ̀, lójoojúmọ́, bó bá tilẹ̀ sú u.

Èdè wo ni kó fi kọ ọ́? Yorùbá ni mo ní kó fi kọ́kọ́ kọ ọ́, bí Yorùbá bá ni wọ́n ń sọ nínú ilé. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní iléèwé St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin lọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn òbí wa ṣì ń bẹ̀rù pé Yorùbá á ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́.

Ẹ fi ojú sí òfin pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ẹ̀kọ́ ti 1996 gba òbí láyè láti kọ́ ọmọ níbi tó yàtọ̀ sí iléèwé. Tiwa, ti 2004, ní kí òbí rí i pé ọmọ lọ, ó sì parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré. Nígbà tó bá sì tó àkókò, ìdánwò WAEC tí gbogbo wa ń pè ní GCE ni ọmọ ilé máa jókòó fún, àròkọ sì ń dúró dè é níbẹ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yorùbá.

Nítorí náà, kí òbí tó yọ ọmọ kúrò níléèwé, kó bi ara rẹ̀ bóyá òun máa ráyè ka ojú ìwé kan ní alaalẹ́, kí òun sì bi ọmọ ní ìbéèrè kan tó nítumọ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní àyè yẹn, kó jẹ́ kí ọmọ máa lọ síléèwé tó wà nítòsí, kó sì fi ọjọ́ Sátidé àti àkókò ìsinmi ṣe ti ògì. Kò sí òfin tó ní ọmọ iléèwé kò gbọdọ̀ kọ̀wé nílé.