Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Fa Rédíò Ọkọ̀ Yín Tu Nítorí Orin

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, àwọn kan á ní kí ló kan pásítọ̀ níbẹ̀. Ó kàn mí. Ẹni tó ń gbàdúrà ìrìnàjò fún yín ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, tó bá rí ohun tó lè dá iná sílẹ̀ nínú ọkọ̀ yín tó wá dákẹ́, kò fẹ́ràn yín.

Ọ̀rọ̀ rédíò ọkọ̀ ni. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gùn: Corolla 2003, Camry 2005, Honda tí wọ́n ń pè ní "End of Discussion". Rédíò tó bá wọn wá láti kọ́ńpìnnì, kásẹ́ẹ̀tì tàbí CD ló ń lò. Ṣùgbọ́n inú fóònù ni gbogbo ìwàásù àti orin ìyìn wa wà báyìí. Kí là ń ṣe? À ń pe rìwáyà kó wá fa rédíò náà tu, kó ki síkirínì ńlá bọ̀ ọ́. Wọ́n sì ti ń sọ ọ́ láàárín wa pé ọkọ̀ tí kò bá ní síkirínì, ìbùkún ò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín.

Irọ́ ni. Mo tún un sọ: irọ́ ni!

Nígbà tí opó yẹn lọ bá Èlíṣà nítorí gbèsè, nínú ìwé Àwọn Ọba Kejì orí 4, ohun tó wà nílé ẹ̀ ni wòlíì kọ́kọ́ béèrè. Òróró díẹ̀ ló ní, ibẹ̀ sì ni ìdáhùn ti jáde. Kí ẹ tó pe rìwáyà, ẹ bi ara yín: kí ló wà nínú ọkọ̀ mi?

Àkọ́kọ́, ẹ wá ihò kékeré tí wọ́n kọ AUX sí. Nígbà míì ojú rédíò ló wà, nígbà míì inú àpótí tó wà láàárín ìjókòó iwájú méjèèjì ló fara pamọ́ sí. Camry 2007 ti ní in láti kọ́ńpìnnì. Okùn kan péré lẹ máa fi so fóònù mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìkejì, bí rédíò yín bá ń lo kásẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì kan wà tí kò ní téèpù nínú. Wáyà ló jáde lára ẹ̀ lọ sínú fóònù, ó sì ń gbé ohùn fún orí tó ń ka téèpù nínú rédíò. Bí fóònù yín ò bá ní ihò earpiece, bíi ti iPhone láti ọdún 2016, èyí tó ń lo Bluetooth náà wà.

Ìkẹta, bó bá jẹ́ CD nìkan, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ MP3 sójú rédíò. Bó bá wà níbẹ̀, àwo kan tó jẹ́ 700 MB lè gba nǹkan bíi wákàtí 12 ìwàásù, tí wọ́n bá fi 128 kbps ṣe é. Bí kò bá sí MP3, ọ̀pọ̀ rédíò Toyota àti Honda ìgbà yẹn ní ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan lẹ́yìn, tí wọ́n ṣe fún àpótí CD tó máa ń wà nínú bùútù. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń wọ ibẹ̀, tó ń tan rédíò jẹ pé àpótí CD lòun, orin fóònù yín á sì gba ibẹ̀ wọlé. Kò sí wáyà kankan tí wọ́n máa gé.

Èyí tí wọ́n ń ki bọ ihò tí wọ́n fi ń tan sìgá, tó ń gbé orin lọ sórí FM, kò burú. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ ibi tó ṣófo láàárín 87.5 sí 108. Ibi tó ṣófo ní Èkó, ẹ lè dé Ìbàdàn kí ẹ bá ilé iṣẹ́ rédíò kan níbẹ̀. Ẹ dúró kí ẹ tó yí i, ẹ má ṣe é lórí eré.

Ẹ wá gbọ́ ìdí tí mo fi ń pariwo. Nínú rédíò tuntun tí wọ́n ń tà, wáyà yẹ́lò ń gba iná bátìrì nígbà gbogbo, pupa ń gbà á nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, dúdú ni wọ́n ń so mọ́ irin ọkọ̀. Àwọ̀ wáyà tó wà nínú ọkọ̀ fúnra ẹ̀ lè má bá èyí mu rárá. Rìwáyà tí ò bá ní sùúrù á gé sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́ńpìnnì dànù, á máa dán wáyà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, á lọ́ wọn pọ̀, á fi téèpù dúdú dì í. Bó bá so pupa àti yẹ́lò pọ̀ mọ́ iná bátìrì, rédíò ò ní sùn lóru, bátìrì lè kú kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀yin á wá máa sọ pé ọ̀tá ilé bàbá yín ló ń ṣe é!

Èyí tó burú jù ni pé ooru á jẹ́ kí téèpù yẹn tú, wáyà á ṣí síta, á kan irin. Bí fíúùsì gidi bá wà, á já, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí rìwáyà bá ti fo fíúùsì, wáyà ló máa gbóná títí táá fi gbiná, lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tójú ò tó. Àwọn ọmọ ń bẹ lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ fi bẹ́líìtì dè wọ́n mọ́ àga. Iná ò ní béèrè bóyá orin Kristẹni lẹ̀ ń gbọ́.

Síkirínì náà sì ń jí ojú ẹni. Bí ẹ bá ń sá eré 80 kìlómítà ní wákàtí kan, ọkọ̀ yín ń rin mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ wo fídíò fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré, ẹ ti rin mítà 66 bí afọ́jú. Lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, pẹ̀lú gbogbo tírélà yẹn! Ẹ̀mí kọ́ ló ń darí irú ìyẹn.

Ẹnìkan á ní, "Pásítọ̀, ayé ti lajú, ẹ má dá wa padà sẹ́yìn." Mi ò sọ pé síkirínì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Bí rédíò yín bá ti kú pátápátá, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí rìwáyà lo sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá irú ọkọ̀ yín mu, tó máa wọ ti kọ́ńpìnnì lẹ́nu láìgé nǹkan kan. Kí fíúùsì wà níbẹ̀. Kí ẹ sì gbé rédíò àtijọ́ yẹn relé, ẹ má fi í sílẹ̀ fún un.

Ohun tí mò ń bá jà ni ẹ̀mí ìfigagbága tó ti wọ ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Arákùnrin kan ra síkirínì, arákùnrin kejì ò lè sùn mọ́. Owó ilé ìwé ọmọ ò tíì pé, táyà ti dán, síkirínì ń tàn yòò. Ará, táyà ló ń gbé yín délé, síkirínì kọ́! Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi náà, ẹ yéé gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lárugẹ lórí pẹpẹ. Ìwàásù kan náà ló ń jáde látinú kásẹ́ẹ̀tì àti látinú síkirínì. Ọlọ́run ò wo ojú rédíò kó tó bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Kó tó di ìsìn Ọjọ́rú, ẹ lọ wo ọkọ̀ yín. Ẹ wá AUX, ẹ wo ojú rédíò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pààrọ̀ tiyín, ẹ jẹ́ kí rìwáyà míì tó mọṣẹ́ yẹ wáyà ẹ̀yìn ẹ̀ wò, kó sì fi fíúùsì hàn yín lójúkojú. Ẹ kọ irú ọkọ̀ yín àti ọdún ẹ̀ sísàlẹ̀ níbí, àwọn rìwáyà tó wà nínú ìjọ á dá yín lóhùn. Ẹ bá mi pín in fún àwọn tó ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé láràárọ̀.

A ò ní fi owó wa ra ikú. Iná ò ní jó wa lórí ìrìn, lórúkọ Jésù. Kí àmín yín dún o!