Ọ̀ṣẹ́tùúrá àti Ìsinmi Abiyamọ



Láìpẹ́ yìí, abiyamọ kan wá dáfá lọ́dọ̀ mi. Ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù méjì, ọmú rẹ̀ sì ń gbẹ. Mo bi í pé níbo ni ọmọ ń wà láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó ní ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni, nítorí wọ́n ti pe òun padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ka ẹbọ fún un bí Ifá ti wí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọmú tí ọmọ kò bá mu déédéé, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Ọ̀ṣẹ́tùúrá kọ́ wa pé òrìṣà mẹ́tàdínlógún ni Olódùmarè rán wá sílé ayé, Ọ̀ṣun nìkan sì ni obìnrin inú wọn. Àwọn mẹ́rìndínlógún yòókù gbìmọ̀ láìfi tirẹ̀ ṣe, gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé sì bàjẹ́. Olódùmarè ní kí wọ́n padà lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ má gbàgbé pé aboyún ni Ọ̀ṣun nígbà náà. Ọmọ inú rẹ̀ ló wá di ẹni tí ń gbé ẹbọ dé òde ọ̀run.

Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, tí ìjọba ológun ṣe ní àwọn ọdún 1970, jọ iṣẹ́ ìgbìmọ̀ tí kò pe Ọ̀ṣun. Ọ̀sẹ̀ 12 ló fún abiyamọ: 6 ṣáájú ìbímọ, 6 lẹ́yìn rẹ̀. Bí agbanisíṣẹ́ bá sì san ìdajì owó iṣẹ́, ó ti pa òfin mọ́. Bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù 6. Ní ọdún 2014, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ní oṣù 6 pẹ̀lú owó kíkún, fún ìbímọ méjì àkọ́kọ́. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ńkọ́? Àbí ọmọ tirẹ̀ kì í ṣe ọmọ?

Àwọn agbanisíṣẹ́ lè sọ pé ẹrù náà wúwo, àti pé ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà kò ní gba obìnrin síṣẹ́ mọ́. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo dá a gbé. Kí ìjọba, agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ jọ máa dá owó sínú àpò kan, bí a ti ń dá èsúsú, kí a sì ti ibẹ̀ san oṣù 6 fún gbogbo abiyamọ.

Ẹ̀yin awo ẹgbẹ́ mi, àwa tí a ń bá obìnrin tọrọ ọmọ, ẹ jẹ́ ká bá wọn bẹ àwọn aṣòfin. Kò tọ́ kí á gba ọmọ lọ́wọ́ Ọ̀ṣun tán, kí á tún gba ìyá lọ́wọ́ ọmọ.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.