Báàjì Ní Nọ́ńbà, Kò Ní Orúkọ

Lẹ́tà kan wọlé sí wa láti ọwọ́ ìyá kan tó ń ta apẹ̀rẹ̀ àti atẹ ní Ìbàdàn. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà ló fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí i. Àwọn obìnrin dúdú ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nínú fọ́tò náà, wọ́n ń ṣe apẹ̀rẹ̀, wọ́n sì pàtẹ èyí tí wọ́n ti ṣe tán síwájú. Ìyá ní, “Ọmọ mi, ṣé èèyàn wa nìwọ̀nyí? Ta ló kọ́ wọn níṣẹ́ yìí?” N kò tíì wọ ọkọ̀ òfuurufú rí o, ibi tó jìnnà jù tí mo dé láyé mi ni Kútọnu. Ṣùgbọ́n mo kàwé, mo sì bi àwọn tó ti fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ léèrè. Ohun tí mo rí nìyí.

Charleston ni wọ́n ń pe ìlú náà, ní ìpínlẹ̀ South Carolina, ní gúúsù Amẹ́ríkà. Àárín odò méjì ló wà, òkun sì wà níwájú rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1670. Àwọn àlejò ń wọ́ lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún lọ wo ilé àtijọ́. Wọ́n á wo àwọn ilé tí wọ́n kùn ní àwọ̀ oríṣiríṣi ní Rainbow Row, wọ́n á wo ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á wo géètì onírin tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ bí aṣọ léèsì. Ẹni tó bá rí i á ní àwọn ọlọ́rọ̀ ayé ọjọ́un gbádùn. Wọ́n gbádùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bíríkìlà tó bá ń ka ìwé yìí á kọ́kọ́ béèrè pé: ta ló mọ ọ́n?

Ẹrú ló mọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn ṣírò pé nínú gbogbo ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó wọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà yẹn, bíi méjì nínú márùn-ún ló gba Charleston wọlé. Gadsden's Wharf ni èbúté tí wọ́n ń já ọ̀pọ̀ wọn sí láwọn ọdún tó gbẹ̀yìn, kí òfin tó fòpin sí kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun ní 1808. Mùsíọ́mù ńlá kan ti wà lórí ilẹ̀ èbúté náà báyìí, 2023 ni wọ́n ṣí i. Títí dòní, èèyàn ń rí ojú ìka lára bíríkì àtijọ́ ìlú náà, ìka àwọn tó gbé e nígbà tí amọ̀ rẹ̀ ṣì tutù. Àwọn kan kéré. Ìka ọmọdé ni.

Ẹ gbọ́ èyí, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́. Bí olówó ẹrú bá ní káfíńtà tí kò rí iṣẹ́ fún nílé, á fi í ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn, owó á sì máa wọ àpò olówó ẹrú. Ìjọba ìlú ní kò burú, ṣùgbọ́n kó wá ra báàjì fún ẹrú rẹ̀ lọ́dọọdún. Bàbà ni wọ́n fi ń ṣe báàjì ọ̀hún. Wọ́n á tẹ orúkọ ìlú sí i, wọ́n á tẹ ọdún, wọ́n á tẹ nọ́ńbà, wọ́n á tẹ iṣẹ́: ọmọ ọ̀dọ̀, alábàárù, apẹja, káfíńtà, eléso. Orúkọ ẹni tó wọ̀ ọ́ ńkọ́? Kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é títí ogun abẹ́lé wọn fi parí ní 1865.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà náà, ọ̀rọ̀ yín wà níbẹ̀. Láyé tí Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso, àwọn obìnrin ẹrú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọjà ìlú náà tán. Àwọn òyìnbó wá ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn pé àwọn obìnrin yìí ya aláriwo, pé wọ́n ń ra ọjà pamọ́ kí wọ́n lè tà á lọ́wọ̀n-ọ́n. Ẹ ti gbọ́ irú ẹ̀sùn yẹn rí, àbí ẹ ò gbọ́ ọ rí?

Gbọ̀ngàn ọjà tí wọ́n kọ́ ní 1841 ṣì dúró láàárín ìlú, City Market ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan máa ń sọ fún àlejò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ẹrú. Irọ́ ni. Ẹran, ẹja àti ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ilé Exchange, nítòsí omi, ni wọ́n ti ń ta èèyàn ní gbangba. Nígbà tí ìlú fòfin dè é ní 1856, ṣé wọ́n jáwọ́ ni? Wọ́n kó o wọ inú ilé. Ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ wà ní òpópó Chalmers, ó ti di mùsíọ́mù.

Ìyá alápẹ̀rẹ̀, ó kàn yín. Gullah ni wọ́n ń pe àwọn tí ẹ rí nínú fọ́tò. Kì í ṣe Yorùbá ni baba ńlá ọ̀pọ̀ wọn. Láti apá Senegal, Gambia, Sierra Leone àti Àǹgólà ni wọ́n ti kó púpọ̀ wọn. Ìrẹsì ló sọ Charleston di olówó, àwọn tó sì ti mọ oko ìrẹsì látilé wà lára ẹrú tó dá a. Atẹ tí wọ́n fi ń fẹ́ ìrẹsì ni apẹ̀rẹ̀ yìí níbẹ̀rẹ̀. Wọn kì í hun ún bí tiwa. Wọ́n á di koríko ní òṣùṣù, wọ́n á ká a yípo bí òṣùká, wọ́n á wá fi ewé ọ̀pẹ kan, palmetto, rán ìpele kan mọ́ èkejì. Ọwọ́ ṣíbí ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń dá ihò sí i. Ìyá ló ń kọ́ ọmọ, ọmọ á kọ́ ọmọ tirẹ̀.

Ní 2006, ìpínlẹ̀ náà fòfin sọ apẹ̀rẹ̀ yìí di iṣẹ́ ọwọ́ àmúyangàn wọn. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀bá òkun ni koríko yẹn ń hù, àwọn olówó sì ti ń ra ilẹ̀ ibẹ̀ kọ́lé, wọ́n ń mọ ọgbà yí i ká. Ibi tí ìyá àgbà ti ń já koríko tẹ́lẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ kò lè débẹ̀ mọ́, ó di kó wá a lọ sọ́nà jíjìn. Àlejò á wá dé, á ní apẹ̀rẹ̀ ti wọ́n jù!

Alágbẹ̀dẹ kan wà níbẹ̀ tí orúkọ tirẹ̀ kò sọnù, Philip Simmons. Wọ́n bí i ní 1912, ọmọ ọdún 13 ni nígbà tó wọṣẹ́. Iṣẹ́ ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni wọ́n ń ṣe nígbà náà. Mọ́tò dé, iṣẹ́ dá. Baba kò jókòó, ó yí sí géètì olódòdó. Ó lé ní 500 iṣẹ́ tó ṣe, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ ìjọba Amẹ́ríkà ní 1982. Ọmọ ọdún 97 ni nígbà tó kú ní 2009. Ẹ dúró níwájú géètì rẹ̀ lónìí, wọ́n á sọ fún yín pé Simmons ló rọ ọ́.

Ní 2013, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ gbọ̀ngàn eré kan, ni wọ́n bá kan egungun òkú 36. Èèyàn dúdú ni wọ́n, láti ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọmọdé wà lára wọn. Kò sí òkúta lórí sàréè, kò sí orúkọ. Ní 2019, kí wọ́n tó tún wọn sin, àwọn ará ìlú pé jọ, obìnrin olórìṣà kan tó ń tẹ̀lé ìṣẹ̀ṣe Yorùbá sì ṣáájú wọn, wọ́n ṣe ìsọmọlórúkọ. Gbogbo àwọn 36, lọ́kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n fún lórúkọ. Ẹ wò ó, ọjọ́ kẹjọ la ń sọmọ lórúkọ nílé wa. Wọ́n sì ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé ta ni wọ́n fẹ́ wò fún àwọn yìí, tí wọ́n ti dúró ju igba ọdún lọ?

Ìyá, ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín. Bó bá tún kọjá lójú títì yẹn, kó béèrè orúkọ obìnrin tó jókòó sápá ọ̀tún nínú fọ́tò náà, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa.